Àgbàdo Tí Mo Dà Sómi

Ìdákẹ́jẹ́ ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Gbogbo èèyàn ló ti kìlọ̀ òtútù fún mi kí n tó kúrò nílé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kìlọ̀ ìdákẹ́jẹ́. Ní Fairwood ní Maryland, l'Amẹ́ríkà, níbi tí mò ń gbé lọ́dọ̀ Àǹtí Bísí, àbúrò ìyá mi, ilé tò lọ rẹrẹ, wọ́n gé koríko iwájú wọn dọ́gba, ọkọ̀ méjì-méjì wà lẹ́nu ọ̀nà, síbẹ̀ o lè rìn láti ìbẹ̀rẹ̀ àdúgbò dé òpin rẹ̀ kó o má rí ẹni tó o máa kí. Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo rí ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé ìdọ̀tí síta. Mo kúnlẹ̀ kí i. Ó ju ọ̀rá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sáré wá dì mí mú. Ó rò pé mo ṣubú ni.

Àǹtí Bísí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni, ṣíìfù wákàtí méjìlá ló ń ṣe, ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ ò sì wọ́pọ̀ lẹ́nu rẹ̀ tó bá ti ibi iṣẹ́ dé.

"Ọmọ yìí, o ò ní pa mí," ló wí. "Ọwọ́ ni kó o máa jù sí wọn. Juwọ́, kó o máa lọ."

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í juwọ́.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe jẹ́ ti wíáháúsì kan, ilé ìkẹ́rùsí, ní Landover. Yunifásítì ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nílé, ẹ̀kọ́ nípa ohun abẹ̀mí, ṣùgbọ́n páálí ni mò ń kà níbẹ̀. Ẹ̀rọ kékeré kan wà lọ́wọ́ mi tí mo fi ń ka àmì ara wọn, tí mo bá sì dúró pẹ́ díẹ̀, á dún fíì, bí ẹni tó ń fi ìka gún mi lẹ́yìn. Mo fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi dáadáa, torí mi ò fẹ́ kẹ́nikẹ́ni rò pé aláìmoore ni mí. Inú mi dùn pé mo ríṣẹ́. Ojú sì ń tì mí pé iṣẹ́ náà ni mo rí. Tí inú mi bá ń dùn, ojú á tún tì mí pé inú mi ń dùn. Mi ò lè jókòó lójú kan. Lọ́jọ́ tí mi ò bá lọ síbi iṣẹ́, ṣe ni mò ń rìn káàkiri bí ẹni tó sọ nǹkan nù tí kò rántí ohun tó sọ nù.

Àárọ̀ Sátidé ni bàbá mi máa ń pè mí. Ọdẹ ni bàbá mi ní Ìgbẹ́tì, ọdẹ gidi, èyí tó ń sùn sínú igbó tí ará ilé ò sì ní jáyà. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin mẹ́ta ló kọ́ láti gbé ìbọn, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sì sá fún un lọ sí Èkó. Èmi àbígbẹ̀yìn tí mo fẹ́ kọ́ ọ, ó ní obìnrin kì í fọwọ́ kan ìbọn nílé òun. Omi gbígbóná tí wọ́n fi ń tu ìyẹ́ ẹtù ni ìpín tèmi.

Mo pàdé Dádì Ṣeun létí omi Lake Arbor nínú oṣù Kọkànlá. Mo máa ń wakọ̀ lọ rìn níbẹ̀, torí àwọn ẹyẹ dúdú kan wà lórí omi náà tí mo fẹ́ràn. Wọ́n tóbi díẹ̀ ju ẹyẹlé lọ, ẹnu wọn funfun bí ẹfun, wọ́n sì ń mi orí síwá-sẹ́yìn tí wọ́n bá ń wẹ̀ lọ, bí ẹni tó ń gbà pé òótọ́ lọ̀rọ̀ tí à ń sọ. Lọ́jọ́ náà mò ń bá wọn sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀yin ẹlẹ́nu funfun yìí, ṣé òtútù ò mú yín ni?"

Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn mi pé, "Wọn ò gbọ́ Yorùbá o. Gẹ̀ẹ́sì ni kó o fi bá wọn sọ ọ́."

Mo yíjú. Bàbá kan tó wọ kóòtù aláwọ̀ ewé ni. Kí n tó rò ó, orúnkún mi ti kanlẹ̀.

"Háà, dìde, dìde! Ilẹ̀ tutù. Ọmọ ta ni ẹ́?"

Bí mo ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nọ́ọ̀sì lòun náà kó tó fẹ̀yìn tì, ó sì mọ Àǹtí Bísí dáadáa. Ó sọ fún mi pé kúùtù lorúkọ àwọn ẹyẹ náà, pé láti òkè lọ́hùn-ún tí omi ti ń di yìnyín ni wọ́n ti ń wá lọ́dọọdún, àti pé òun máa ń pa wọ́n jẹ.

"Kì í ṣe níbí o," ó yára fi kún un. "Tó o bá yìnbọn níbí, ẹjọ́ nìyẹn. Ní ẹ̀bá odò Patuxent ni."

Mo sọ fún un pé ọmọ ọdẹ ni mí. Ó wò mí láti òkè délẹ̀. Ó béèrè bóyá mo ní káàdì ìgbélùú, mo ní mo ní in. Ó ní, "Kí ló wá dá ẹ dúró?"

Látìgbà tí mo ti dé Amẹ́ríkà, òun lẹni àkọ́kọ́ tó bi mí ní ìbéèrè tí mi ò ti ronú ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mo ṣe kíláàsì àwọn ọdẹ, mo yege ìdánwò rẹ̀, mo gba láísẹ́ńsì. Nígbà tí mo sọ fún bàbá mi, ó ní kí n tún un sọ.

"Obìnrin ń dọdẹ níbẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Ìjọba mọ̀ sí i?"

"Ìjọba ló fún mi níwèé ẹ̀, Bàbá."

Lẹ́yìn náà ó ní, "Jẹ́ kí apá rẹ le. Má di ìbọn mú bí ẹni di ọmọ jòjòló." Láti ọjọ́ náà, kì í béèrè oúnjẹ tàbí iṣẹ́ mọ́ tó bá pè. Ohun tó kọ́kọ́ máa ń jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Ṣé o ti pa nǹkan?" Ó ti sọ fún àwọn ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń retí.

Inú ọkọ̀ ni Dádì Ṣeun ti máa ń kọ́ mi lófin. Ọta mẹ́ta péré ni ìbọn gbọ́dọ̀ gbà. Irin ni ọta náà, kì í ṣe òjé, torí òjé ń ba omi jẹ́. Ó di ìgbà tó bá ku ààbọ̀ wákàtí kí oòrùn yọ kéèyàn tó lè yìn, tó bá sì ti wọ̀, ó parí. Kúùtù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lójúmọ́ fún ẹnì kan. Ohun tó o bá pa, o gbọ́dọ̀ wá a rí. Tó o bá fẹ́ gbé e fún ẹlòmíràn, kọ orúkọ rẹ àti àdírẹ́sì rẹ sí i, iye rẹ̀, irú ẹyẹ tó jẹ́ àti ọjọ́ tó o pa á, kó o sì fọwọ́ sí i. Má tu gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ kó o tó délé. Fi apá kan sílẹ̀ tòun ti ìyẹ́ rẹ̀, kẹ́ni tó bá dá ẹ dúró lè mọ ẹyẹ tó jẹ́.

"Ta ló wá ń kà á nínú igbó, Dádì? Tó bá di mẹ́rìndínlógún ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń kà á," ó wí. "Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé mo ti di ará ibí. Kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo sì ń kà á."

Ó lé lógún ọdún tó ti ń lọ sí ẹ̀bá odò yẹn. Òyìnbó àgbẹ̀ kan ló nilẹ̀, ọdọọdún ló ń kọ ìwé àṣẹ fún un, kò sì sí ọjọ́ kan tí aláṣẹ tó ń ṣọ́ ẹran ìgbẹ́ bá a ṣẹjọ́. Ṣùgbọ́n ọdún tó kẹ́yìn nìyẹn. Ṣeun, ọmọ rẹ̀, ti ra ilé ní Texas, ó ní káwọn òbí òun máa bọ̀. Ilé Lake Arbor ti tà. Nínú oṣù Kejì ni wọ́n máa kó lọ.

"Ibẹ̀ ò ní ṣófo," Dádì sọ fún mi. "Mo ti ní kí onílẹ̀ kọ orúkọ rẹ mọ́ tèmi nínú ìwé àṣẹ. Jẹ́ ká jọ pa ẹyẹ kan níbẹ̀ lọ́dún yìí, kí àgbẹ̀ yẹn fojú ara rẹ̀ rí i pé ọwọ́ rẹ dá ṣáṣá. Tí mo bá lọ, ibẹ̀ di tìẹ."

Ó yẹ kí n sọ ohun tí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe fún mi. Yàrá tí mò ń sùn jẹ́ ti Àǹtí Bísí. Ọkọ̀ tí mò ń wà, tirẹ̀ náà ni. Kò sí ibì kankan ní gbogbo Maryland tẹ́nì kan ti sọ fún mi pé, ibí yìí á di tìẹ. Mo sunkún nínú ilé ìwẹ̀, mo sì ṣí omi sílẹ̀ kí Àǹtí má bàa gbọ́.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kìíní, a lọ tún àtíbàbà esùsú tí a máa fara pamọ́ sí ṣe. Kúùtù márùn-ún péré ló wà lórí omi. Dádì ní kò burú, wọ́n ń bọ̀. Àyà tèmi ò balẹ̀. Lọ́jọ́ Sátidé mo ráhùn fún bàbá mi.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyẹn ni wàhálà rẹ? Da àgbàdo síbẹ̀. Ẹyẹ tó bá yó níbì kan lánàá, ibẹ̀ ni yóò jí sí lónìí. Kí la fi ń kó àparò jọ nílé?"

Mo ra àpò àgbàdo kan ní ṣọ́ọ̀bù oúnjẹ ẹran ọ̀sìn, mo sì dá lọ sódò náà nígbà méjì. Ọjọ́ Sunday ni èkejì bọ́ sí. Mo wọ bàtà òjò wọnú omi, mo sì ń fọ́n ọn bí ẹni ń fún adìyẹ ilé lóúnjẹ. Mi ò sọ fún Dádì. Mo fẹ́ kó dé ọjọ́ náà kó ní, háà, wọ́n mà pọ̀. Inú mi dùn níbẹ̀, kí n má parọ́. Fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí bàbá mi mọ̀ wúlò fún mi nílẹ̀ yìí.

Lẹ́yìn náà ni Dádì fún mi ní ìwé òfin ọdún náà. "Ka gbogbo ẹ̀," ó wí. "Ìwọ lo lọ yunifásítì." Ọ̀rọ̀ ìbọn ló pọ̀ jù nínú kíláàsì tí mo ṣe, bóyá wọ́n mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ oúnjẹ, bóyá ìdẹ inú pańpẹ́ ni mo rò pé wọ́n ń sọ. Ọjọ́ Tuesday, nígbà oúnjẹ ọ̀sán ní Landover, mo ṣí ìwé náà, ojú mi sì bọ́ sórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dọdẹ ẹyẹ tó ń ti ìlú dé ìlú níbi tí wọ́n bá ti da ọkà tàbí oúnjẹ mìíràn láti fi fà wọ́n. Tí oúnjẹ náà bá tán pátápátá, ó tún di ọjọ́ mẹ́wàá kí ibẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀rọ ọwọ́ mi dún títí, mi ò gbọ́.

Ọjọ́ Thursday la fẹ́ lọ. Mo kà á lórí ìka mi: láti Sunday ọ̀sẹ̀ tó kọjá tí mo da èyí tó kẹ́yìn, Thursday á jẹ́ ọjọ́ mọ́kànlá. Mọ́kànlá ju mẹ́wàá lọ. Mo rọ̀ mọ́ ìṣirò yẹn bí ẹni rọ̀ mọ́ igi lójú àgbàrá. Mo sì mọ̀, mo mọ̀ dáadáa, pé kì í ṣe ọjọ́ tí mo dà á ni òfin ń kà, bí kò ṣe ọjọ́ tó tán. Ta ló mọ ọjọ́ tó tán?

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo bi Àǹtí Bísí pé, "Àǹtí, téèyàn bá rú òfin ẹyẹ, ṣé ó lè dí i lọ́wọ́ àtidi ọmọ ìlú?"

"Ẹyẹ wo? Kí lo ṣe?"

"Mo kàn ń béèrè ni, mà."

"Má kàn béèrè irú ẹ̀ lọ́wọ́ mi mọ́ tí mo bá ti ṣíìfù dé. Àyà mi ò gbà á."

Mo ronú àtipe Dádì. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Tí mo bá sọ fún un, ibẹ̀ ti bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ fún ọdún tó kẹ́yìn, ó sì ti bọ́ mọ́ èmi náà lọ́wọ́. Tí mi ò bá sọ, bóyá kò ní sí nǹkan kan. Orí bóyá yẹn ni mo sùn sí.

Lọ́jọ́ Thursday, a débẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. A jókòó sínú esùsú, ìbọn rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó yá mi wà lẹ́sẹ̀ mi, a ń retí wákàtí tí òfin là sílẹ̀. Bí ojú ọ̀run ṣe ń là, mo rí wọn. Wọ́n kún orí omi bámú. Bí márùn-ún ṣe di ìyẹn nìyẹn.

"Háà," Dádì sọ jẹ́jẹ́. "Wọ́n mà pọ̀."

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ gbọ́ gan-an ló sọ yẹn.

Ó wo aago, ó fi igbọ̀nwọ́ gún mi. "Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ yìn. Èmi á tẹ̀ lé e."

Mo gbé ìbọn. Kúùtù kan rì sínú omi níwájú mi gan-an, níbi tí mo ti dúró lọ́jọ́ Sunday yẹn, ó sì jáde padà. Ẹnu rẹ̀ funfun báláú. Nǹkan pupa rúsúrúsú kan wà láàárín rẹ̀. Hóró àgbàdo kan ni.

Dádì kò rí i. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì. Ó rò pé ìbẹ̀rù ló mú mi, ló bá gbé ìbọn tirẹ̀ sí èjìká.

"Dádì, ẹ má yìn ín! Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má yìn ín!"

Àwọn ẹyẹ náà fi apá lu omi, wọ́n ń fẹsẹ̀ sáré lórí rẹ̀ kí wọ́n tó lè fò. Dádì sọ ìbọn kalẹ̀.

"Kí ló dé?"

Mo sọ ọ́. Ẹkún dà á rú, Gẹ̀ẹ́sì wọ inú Yorùbá, mo ń ṣàlàyé ìṣirò ọjọ́ mọ́kànlá, mo ń ṣàlàyé àparò, mo ń ṣàlàyé bó ṣe rí lára mi, títí ó fi gbọ́wọ́ sókè pé ó tó. Ó yọ ọta mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kúrò nínú ìbọn rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kó wọn sápò. Ó yọ tèmi náà. Lẹ́yìn náà ló wọnú omi, ó tẹ̀ síwájú, ó sì fọwọ́ bu ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ wá. Hóró mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, wọ́n ti wú.

"Adìyẹ lo fẹ́ sìn?" ó bi mí.

"Bàbá mi ló ní…"

"Bàbá rẹ wà ní Ìgbẹ́tì. Tó bá jẹ́ pé aláṣẹ ló bá wa níbí, ṣé Ìgbẹ́tì ló máa lọ mú? Káàdì ta ni wọ́n máa kọ nọ́ńbà ẹ̀ sílẹ̀?" Ó sọ ẹrẹ̀ náà nù. "Lójú ọdún yìí. Lọ́dún tó kẹ́yìn yìí gan-an."

Mi ò lè wò ó. Ó yọ fóònù rẹ̀, ó pe nọ́ńbà kan, ó sì nà án sí mi. "Onílẹ̀ nìyẹn. Sọ fún un, kó má bàa jẹ́ kẹ́lòmíràn yìnbọn níbí. Ìwọ lo dà á, ìwọ lo máa sọ ọ́."

Mo sọ ọ́. Àgbẹ̀ náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi pé mo jẹ́ kóun gbọ́. Ó ní òun ò ní gba ẹnikẹ́ni láyè síbẹ̀ títí àsìkò ọdẹ á fi parí. Kò sọ ohunkóhun nípa ọdún tó ń bọ̀, èmi náà ò sì béèrè. Dádì fi ọkọ̀ gbé mi délé. Nígbà tí mo fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Ẹ má bínú sà." Ó ní, "Ti ilẹ̀kùn dáadáa."

Bàbá mi pè ní Sátidé. "Ṣé o ti pa nǹkan?"

"Rárá sà." Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Inú rẹ̀ kọ́kọ́ ru.

"Irú òfin wo nìyẹn? Kéèyàn má fún ẹyẹ lóúnjẹ?"

"Ẹ lè fún un, Bàbá. Ẹ ò kàn gbọdọ̀ pa á níbi tẹ́ ẹ ti fún un."

Àkùkọ kan kọ lẹ́yìn rẹ̀, ní Ìgbẹ́tì, mo sì fẹ́ràn àkùkọ yẹn débi pé mo tẹ fóònù mọ́ etí.

"Bàbá tó bí mi," ó wá wí, ohùn rẹ̀ ti lọlẹ̀, "tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá le, tó ku odò kan ṣoṣo, kò jẹ́ yìnbọn sí ẹran tó bá wá mumi níbẹ̀. Ó ní òùngbẹ ló pè é wá, kì í ṣe ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Mo ti gbàgbé." Ó wúkọ́. "Bàbá tó mú ẹ lọ yẹn, ṣé ó ṣì ń bá ẹ sọ̀rọ̀?"

"Mi ò mọ̀, sà."

Mi ò mọ̀ lóòótọ́. Fún ọjọ́ mẹ́jọ, mi ò gbóhùn Dádì. Mo ń ka páálí ní Landover, mo ń ronú àwọn ohun tó yẹ kí n ti sọ ní Tuesday. Mo kọ ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí i lórí fóònù, mo pa á rẹ́. Mo tún òmíràn kọ, ó gùn jù, mo pa òun náà rẹ́. Mo lọ sétí omi Lake Arbor, ṣùgbọ́n mi ò bá àwọn ẹyẹ ibẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó ń ṣe mí bíi pé wọ́n ti gbọ́.

Lọ́jọ́ kejì tí àsìkò ọdẹ parí, mo ti ibi iṣẹ́ dé, mo bá Àǹtí Bísí nílé ìdáná, ó káwọ́ gbera, ó ń wo abọ́ kan bí ẹni ń wo aláìsàn.

"Bàbá Ṣeun ló gbé e wá," ó wí. "Ó ní ojú odò gbangba lòun ti pa á lánàá, nínú ọkọ̀ ojú omi ọ̀rẹ́ òun. Ó ní kó o bó awọ àtọ̀rá rẹ̀ kúrò, kó o rẹ ẹ́ sómi iyọ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹrẹ̀ la máa jẹ. Ó tún ní kó o wá sílé Sátidé, kó o wá bá àwọn di ẹrù. Ṣé ẹ ti parí ìjà yín ni?"

Kúùtù méjì ló wà nínú abọ́ náà. Apá kọ̀ọ̀kan ṣì wà lára wọn pẹ̀lú ìyẹ́ rẹ̀, bí òfin ṣe wí. Ó fi okùn so páálí kékeré kan mọ́ wọn lẹ́sẹ̀. Mo gbé e súnmọ́ ìmọ́lẹ̀. Orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, àdírẹ́sì Lake Arbor wà níbẹ̀, ọjọ́ tó pa wọ́n, iye wọn, irú ẹyẹ tí wọ́n jẹ́, àti ìfọwọ́síwèé rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì, bí aláṣẹ yóò ṣe fẹ́ rí i.

Lábẹ́ rẹ̀, níbi tí òfin ò ti béèrè nǹkan kan, ó kọ ọ́ ní Yorùbá pé: *Àwọn wọ̀nyí ò jẹ àgbàdo.*